WSM 650 ní Nashville: ta ló ń san owó iná rédíò orin kọ́ńtírì yìí?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ rédíò orin kọ́ńtírì, WSM ni àgbà wọn. Ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló fìdí kalẹ̀ sí, orí 650 AM lẹ sì ti máa bá a. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1925 ló kọ́kọ́ gbóhùn sáfẹ́fẹ́. Ètò alẹ́ Sátidé rẹ̀, Grand Ole Opry, bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì ń lọ títí di òní. Àwọn rédíò tí wọ́n jọ ń du olùgbọ́ orin kọ́ńtírì láyé ìgbà yẹn ti yà sí ọ̀nà mìíràn tipẹ́. WLS ti Chicago di rédíò orin rọ́ọ̀kì ní 1960, WWVA ti Wheeling sì di rédíò ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n máa ń sọ pé ìfẹ́ àwọn olùgbọ́ ló dá WSM sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò tó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí rédíò kan fi ń dìde, tó fi ń ṣubú, ìwé owó rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ta ló ni ín? Kí ni ẹni náà ń tà? Ṣé rédíò ni ọjà ọ̀hún, àbí rédíò ń bá ọjà mìíràn wá oníbàárà ni?

Ẹni tó kọ́kọ́ ni WSM ò bá orin ṣe rárá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni, National Life and Accident Insurance Company. Orúkọ rédíò náà wá láti inú ọ̀rọ̀ ìpolówó wọn, We Shield Millions: àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn làwọn ń dáàbò bò. Edwin Craig, ọmọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ló gbé ọ̀rọ̀ rédíò lọ bá àwọn àgbà, tó sì ń rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọ́n kọ́ sítúdíò sínú ilé-iṣẹ́ wọn láàárín ìlú, wọ́n sì fi agbára 1,000 wáàtì bẹ̀rẹ̀.

Ìdójútòfò tí National Life ń tà kì í ṣe ti olówó. Ti àìsàn àti jàǹbá ni, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn ò tó nǹkan, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Aṣojú ilé-iṣẹ́ á máa yí ilé ká láti gba owó náà, bí alájọ ṣe ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọ̀ wa. Ohun tó ṣòro jù nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ ni kí onílé ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. WSM ló ń bá wọn ṣí i. Aṣojú tó bá ti lè sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Opry lòun ti wá, ó ti di àlejò pàtàkì nìyẹn. Nígbà tí èrò ìwòran pọ̀ kọjá ohun tí sítúdíò lè gbà, àwọn aṣojú yìí náà ni wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún kí wọ́n máa pín in fún oníbàárà. Torí náà, láwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, iye tí WSM pa lórí ìpolówó ẹlòmíràn kọ́ ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Iye ilẹ̀kùn tó ṣí ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun náà la máa rí ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ rédíò yìí bá ti yí padà.

George D. Hay ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá láti WLS kó wá máa darí ètò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 1925, ó mú bàbá arúgbó kan, Uncle Jimmy Thompson, jókòó síwájú gbohùngbohùn, bàbá náà sì ń ta gòjé òyìnbó fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́tà àti tẹligíráàmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Inú àwọn gbajúmọ̀ Nashville ò dùn. Ìlú ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ọ̀làjú ni wọ́n fẹ́ kí aráyé máa pe ìlú wọn, wọn ò fẹ́ kí orin ará oko jẹ́ àmì rẹ̀. Àmọ́ àwọn ará oko yẹn gan-an ló ń ra ìdójútòfò.

Orúkọ Grand Ole Opry jáde lẹ́nu Hay ní oṣù Kejìlá 1927. Ètò orin àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó láti New York, tí Walter Damrosch ń darí, ló ṣáájú tiwọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Hay ní orin ọ̀pẹ́rà ńlá la ti ń gbọ́ láti wákàtí kan sẹ́yìn, láti ìsinsìnyí lọ Grand Ole Opry la máa gbọ́; Opry ni bí ará oko ṣe ń pe ọ̀pẹ́rà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi síwájú èrò ni DeFord Bailey, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fi hàmóníkà fọn bí rélùwéè ṣe ń sáré, láti ìgbà tó bá gbéra títí dé ibi tí fèrè rẹ̀ ti ń dún lókèèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé orin sáfẹ́fẹ́ lábẹ́ orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ orin kọ́ńtírì mọ́, aláwọ̀ dúdú ni. Ó yẹ kí a máa sọ èyí ketekete nígbà gbogbo.

Ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn náà ò dáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, ASCAP, ẹgbẹ́ tó ń gbowó lórí ẹ̀tọ́ orin, bèèrè owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn rédíò, àwọn rédíò sì fi orin wọn sílẹ̀ pátápátá, wọ́n fi BMI, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1939, rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ ASCAP ni àwọn orin tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ Bailey wà. Kò lè gbé wọn lórí afẹ́fẹ́ mọ́, WSM sì dá a dúró lọ́dún yẹn. Bàtà ló ń tún ṣe, tó ń dán ní Nashville fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 1982, ọdún 2005 ni wọ́n tó gba orúkọ rẹ̀ wọlé sí Country Music Hall of Fame.

Ní 1932 ni agbára WSM di 50,000 wáàtì, èyí tó jẹ́ òpin ohun tí òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà fún AM títí dòní. Wọ́n ri òpó tuntun mọ́lẹ̀ ní Brentwood, ní gúúsù Nashville, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ẹni tó bá gba títì I-65 kọjá á rí i. Ilé-iṣẹ́ Blaw-Knox ló ṣe é. Ó tínínrín nísàlẹ̀, ó fẹ̀ láàárín, ó tún tínínrín lókè. Ibi tó fẹ̀ yẹn ni wọ́n so àwọn okùn irin tó dì í mú mọ́.

Ẹni tó mọ FM nìkan lè máa wá áńtẹ́nà lórí òpó náà, kò ní rí i. Lórí AM, òpó náà fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé ṣónṣó, ni áńtẹ́nà. Irin yẹn ò fara kan ilẹ̀ rárá: orí ìdúró tánganran ni gbogbo rẹ̀ gúnlẹ̀ sí, kí agbára rédíò má bàa sá wọlẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí irú òpó bẹ́ẹ̀ fi máa ń fẹ́ tírànsífọ́mà àkànṣe fún àwọn gílóòbù tó wà lókè rẹ̀, èyí tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú. Wáyà ọ̀tún àti ti òsì inú tírànsífọ́mà yẹn jìnnà síra, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn, kí iná ilé lè ré kọjá kí agbára rédíò má sì ráyè tẹ̀lé wáyà padà wálé. Ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ tó fọwọ́ kan irin náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á jó.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí gíga rẹ̀. Ìgbì 650 kìlóhẹ́ẹ̀tì gùn tó mítà 461. Òpó tó ga tó ìdámẹ́rin rẹ̀, nǹkan bíi mítà 115, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ á fò lọ sókè. Bí òpó bá ṣe ń ga sún mọ́ ìdajì ìgbì, bẹ́ẹ̀ ni agbára náà ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀, tó ń gba ojú ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́. Èèyàn lè rò pé bó bá ṣe ga tó ló ṣe máa dáa tó. Ó níbi tó mọ. Tí òpó bá ti kọjá ìdajì ìgbì dáadáa, apá kan agbára náà á tún ya sókè lọ́tọ̀. Lọ́sàn-án, èyí ò ṣe nǹkan kan, torí pé ìpele òfuurufú kan tí oòrùn ń dá sílẹ̀ máa ń gbé ìgbì AM tó bá gòkè mì. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ìpele yẹn á pòórá, ìgbì á dé ìpele tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn á sì ta á padà sílẹ̀. Ní ibi tí èyí tó gba òkè wá àti èyí tó gba ilẹ̀ wá bá ti pàdé pẹ̀lú agbára tó dọ́gba, wọ́n á máa pa ara wọn. Ohùn á lọ, á bọ̀, á wọ́, á dà bí ẹni pé olórin ń kọrin lábẹ́ omi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí WSM nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 878, ìyẹn nǹkan bíi mítà 268, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òpó náà ga dé, àwọn tó wà ní ẹ̀bá ibi tí rédíò náà ń dé sì ń gbọ́ ohùn tó ń yi. Ní 1939 wọ́n gé e kù sí ẹsẹ̀ bàtà 808, nǹkan bíi mítà 246, ohùn sì tún ṣe. Àwọn onímọ̀ tún wá rí i nígbà tó yá pé sísanra òpó láàárín ń da ìrìn iná inú irin náà rú. Òpó tó ṣe déédéé láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n ń ṣe látìgbà náà, ìdí sì nìyẹn tí irú ti Brentwood fi ṣọ̀wọ́n. Orílẹ̀-èdè Hungary ní ọ̀kan ní Lakihegy, mítà 314, tí wọ́n kọ́ ní 1933. Ní 2011 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ti WSM sínú ìwé àwọn ibi ìtàn tó yẹ ní dídáàbò bò.

Ìdajì áńtẹ́nà AM, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ìlànà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ AM ńlá ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n tẹ́ wáyà bàbà 120 yí ìdí òpó ká bí ìtànṣán oòrùn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìdámẹ́rin ìgbì. Bàbà á jẹrà díẹ̀díẹ̀. Katakata á gé òmíràn, olè á hú òmíràn lọ tà. Ẹ̀rọ inú ilé á ṣì máa sọ pé 50,000 wáàtì lòún ń tì jáde, bẹ́ẹ̀ apá kan rẹ̀ ń mú erùpẹ̀ gbóná lásán. Ẹnjiníà tó bá mọṣẹ́ á máa gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìgbì lọ sí àwọn ojúkò kan náà lọ́dọọdún, á sì fi iye tó rí wé ti àtẹ̀yìnwá.

Òpó yìí, pẹ̀lú àṣẹ ọdún 1928 tó fi 650 sílẹ̀ fún WSM nìkan lóru ní gbogbo Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di rédíò ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Olórin Roy Acuff dé ní 1938, NBC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín ètò fún ọ̀pọ̀ rédíò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá kan Opry káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1939, Opry kó wọ gbọ̀ngàn Ryman Auditorium ní Nashville ní 1943. Àwọn ẹnjiníà WSM mẹ́ta tún dá ilé ìgbasílẹ̀ orin kan sílẹ̀, Castle, ní òtẹ́ẹ̀lì Tulane, nítorí pé àwọn olórin ti ń wá sí Nashville lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti lè gbohùn wọn sílẹ̀. Òwò orin tó sọ Nashville di Nashville, láti ibẹ̀ ló ti ta gbòǹgbò. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí WSM ṣe, ju Opry gan-an lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ni Jim Reeves. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò lòun náà tẹ́lẹ̀ ní KWKH, Shreveport, kó tó wọ Opry ní 1955. Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já nítòsí Brentwood yìí kan náà ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1964. Mélòó nínú ilé Yorùbá ni orin rẹ̀ ò dún dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Gìtá tó ń sunkún tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta fún King Sunny Adé, inú orin kọ́ńtírì ni wọ́n ti mú un wọ jùjú.

Wàhálà dé ní ọdún 1980. Ìjọba gbà kí àwọn rédíò mìíràn wá sórí irú ojúkò bíi 650 lóru, bí wọ́n bá ti jìnnà tó nǹkan bíi máìlì 750. Orin ti ń kó lọ sórí FM, níbi tí kò ti sí ariwo. Wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n WSM ní 1981, ilé-iṣẹ́ adójútòfò mìíràn gbé National Life mì ní 1982, ẹni tuntun náà ò sì nílò rédíò láti ṣílẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gaylord ra WSM pọ̀ mọ́ Opry, òtẹ́ẹ̀lì Opryland àti ọgbà ìgbafẹ́ tó wà níbẹ̀. WSM tún rí ọjà tuntun bá tà: yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ti ọgbà ìgbafẹ́ náà pa ní òpin 1997. Nígbà tó di òpin 2001, ìròyìn jáde pé Gaylord fẹ́ sọ 650 di rédíò eré ìdárayá àti ọ̀rọ̀ sísọ. Tí èèyàn bá ka WSM sí rédíò lásán, ìṣirò náà bá a mu: orin lórí AM, owó ìpolówó rẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn olùgbọ́ àti olórin fárígá, lẹ́tà rọ́ wọlé, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002. Èmi gbà pé ariwo yẹn ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹnu àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Opry, tó ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì náà, ló ti jáde. WLS náà ní olùgbọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ní 1960, àmọ́ kò sí òtẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ní 2003, Gaylord ta WSM-FM àti WWTN, rédíò FM méjì, fún Cumulus, ilé-iṣẹ́ onírédíò púpọ̀, ní mílíọ̀nù 62.5 dọ́là, ó sì di AM mú. FM ló ń pa owó ìpolówó, AM ló ń kó èrò wá.

Ní oṣù Karùn-ún 2010, òjò ọjọ́ méjì mú kí odò Cumberland kún àkúnya. Omi ya wọ òtẹ́ẹ̀lì Opryland, níbi tí sítúdíò WSM wà, ó sì ga kọjá ojú ìtàgé Opry House, gbọ̀ngàn tí Opry ti ń wáyé nígbà náà, ní ínǹṣì 46. WSM kó lọ sí Brentwood, ó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ láti ìdí òpó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún gbogbo onírédíò ni pé kí ilé ẹ̀rọ yín ní gbohùngbohùn àti àyè tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè jókòó sí, kí ó sì má wà ní àfonífojì kan náà pẹ̀lú sítúdíò. Opry ò pa ètò kankan jẹ, ó lọ ṣe tirẹ̀ láwọn gbọ̀ngàn mìíràn títí di oṣù Kẹsàn-án. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020 náà, láìsí òǹwòran kankan nínú gbọ̀ngàn, rédíò ń gbé e jáde ní gbogbo Sátidé.

Orúkọ Gaylord ti di Ryman Hospitality Properties láti 2012. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ méjì, Atairos àti NBCUniversal, ra ìdá 30 nínú 100 lára ẹ̀ka tó ni Opry àti WSM. Ewu tó kù ò kéré. Tesla ti yọ AM kúrò nínú mọ́tò rẹ̀. Ford fẹ́ yọ ọ́ ní 2023 kó tó yí ọkàn padà. Gílóòbù LED àti ṣájà fóònù ti da ariwo bo AM nínú ilé gbogbo. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ilẹ̀. Áńtẹ́nà AM ń gba ilẹ̀ tó gbòòrò, ilẹ̀ Brentwood sì ti wọ́n gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òpó rédíò WMAL ní Bethesda, nítòsí Washington, nìyẹn: wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì wó àwọn òpó náà lulẹ̀ ní 2020. Ìwé àwọn ibi ìtàn tí wọ́n kọ òpó Brentwood sí bu ọlá fún un, àmọ́ kò dí onílẹ̀ lọ́wọ́ láti fi owó ara rẹ̀ wó ohun tirẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Atlanta tàbí Chicago, ẹ yí rédíò yín sí 650 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ yọ ṣájà àti gílóòbù LED tó wà nítòsí, kí ẹ máa yí rédíò náà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí àwo, torí pé ọ̀pá áńtẹ́nà inú rẹ̀ ń gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Níbi tí ohùn bá ti le jù, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nílé, ní Nàìjíríà, kò sí ìdí láti máa wá a lórí AM. Ó jìnnà jù, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án sì ni AM tiwa ń gbà fò, láti 648 bọ́ sí 657, nígbà tí ti Amẹ́ríkà ń fò ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà, ọ̀fẹ́ ni. Opry alẹ́ Sátidé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 ní Nashville. Ìyẹn jẹ́ aago 2 òru mọ́jú Sọ́ńdè lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, aago 1 láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ti sún aago wọn síwájú.